Ẹ Wá Jókòó Ná, Ìwé Òfin Lè Dúró

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé mo máa ń ṣe Dungeons & Dragons ń bi mí: ìwé mélòó ni mo máa kà kí n tó lè bá yín ṣe é? Èsì mi kì í yí padà. Ẹ má tíì ka ìkankan, ẹ wá jókòó.

Eré ẹnu ni. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ìwé òfin rẹ̀ sì ti pọ̀ débi pé ẹ̀rù máa ń ba ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì kò lọ́jú pọ̀. Ẹnì kan ni DM (Dungeon Master), ìyẹn ẹni tó ń darí eré: òun ló ń sọ ohun tó wà níwájú yín, òun náà ló ń gba ẹnu gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé lọ́nà sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ wọn. DM á ní, "Ilẹ̀kùn kan rèé, ẹ ń gbọ́ tí nǹkan ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Bí kò bá sí ìṣòro níbẹ̀, ó ti ṣeé ṣe nìyẹn. Bó bá lè já sí ibi tàbí ire, ẹ ó ju dáìsì.

Ká ní ẹ fẹ́ parọ́ fún oníbodè kan kó lè jẹ́ kí ẹ wọ ìlú lóru. DM á fọkàn mú iye kan, bíi 15, ìyẹn ohun tí kò rọrùn tí kò sì le jù. Ẹ ju dáìsì olójú ogún, 11 jáde. Ẹ wo ìwé ẹ̀dá ìtàn yín: Charisma rẹ̀, ìyẹn agbára láti fa ènìyàn mọ́ra, jẹ́ 16, ìyẹn fi 3 kún un, ó ti kọ́ irọ́ pípa dáadáa, ìyẹn tún fi 2 kún un ní ìpele kìíní. Gbogbo rẹ̀ di 16, ó ju 15 tí DM mú lọ. Oníbodè gbà, ẹ wọlé. Bí ìṣirò kékeré yìí bá ti yé yín, ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ nílò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. DM á máa là yín lọ́yẹ̀ lórí ìyókù bó bá ṣe ń kàn yín.

Ẹ̀dá ìtàn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni kí ẹ mú. Starter Set, àpótí eré náà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2014 ní márùn-ún irú rẹ̀ nínú, pẹ̀lú ìwé òfin olójú-ewé 32 péré. Bó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ẹ mú Fighter, ìyẹn jagunjagun. Àwọn kan máa ń rò pé mò ń fojú kéré wọn ni, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wizard, ìyẹn onídán, ní láti yan ọfọ̀ mẹ́fà sínú ìwé rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó tún mọ èyí tó máa lò lóòjọ́. Jagunjagun ní tirẹ̀ á fa idà yọ, ojú yín á sì wà lára ìtàn.

Owó kò yẹ kó dá yín dúró. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ òfin náà sílẹ̀ lábẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá rí dáìsì olójú púpọ̀ rà, ẹ tẹ "roll d20" sí Google, á bá yín ju ú. Bó bá sì jẹ́ dáìsì lúdò nìkan ló wà nílé, ẹ wá Lasers & Feelings tí John Harper ṣe, eré ẹnu mìíràn ni. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Ẹ ó mú nọ́ńbà kan láti 2 dé 5. Ohun tó bá gba ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ gbọ́dọ̀ ju iye tó kéré sí nọ́ńbà yẹn. Èyí tó bá gba ọ̀rọ̀ dídùn àti ìmọ̀lára, iye tó jù ú lọ lẹ ń wá.

Ibi tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Mo ti rí àwọn tí kì í la ẹnu nígbà tí gbogbo wa ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló gba eré mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí a bọ́ sí Yorùbá. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan fẹ́ kí màmá àgbà kan tó ń ta ewé júwe ọ̀nà inú igbó fún wa. Àwa yòókù ti ń ka owó tí a máa fún màmá náà. Òun dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ kú ìjókòó. Ọjà á tà o." Inú DM wa dùn, ó ní kó ju dáìsì olójú ogún lẹ́ẹ̀mejì, kó mú èyí tó pọ̀ jù. Advantage ni wọ́n ń pe ìyẹn, DM sì lè fi san ẹ̀san fún ẹni tó bá ronú dáadáa. 4 kọ́kọ́ jáde, 17 tẹ̀ lé e. Màmá júwe ọ̀nà, a ò ná kọ́bọ̀.

Kò pọn dandan kí ẹ kúnlẹ̀ o, tàbí kí ẹ yí ohùn padà. "Ẹ̀dá ìtàn mi kí màmá náà dáadáa, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó júwe ọ̀nà," ìyẹn náà tó.

Ilé lè ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Dragon, demon, ọfọ̀: àwọn òbí wa á gbọ́ ọ, wọ́n á ní kí lẹ tún kó wọlé yìí. Irú ìbẹ̀rù yẹn kan náà gbòde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ta ko eré náà. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ní kí wọ́n wá jókòó wò. Àǹtí mi tó wá ṣọ́ wa ló padà ń bi wá pé kí ló dé tí ẹnì kankan ò kọ́kọ́ yọjú wo ojú fèrèsé.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́ nínú ìtàn: ikú ọmọdé, ìfipábánilòpọ̀, ohunkóhun. Àwọn kan máa ń gbé páálí tí wọ́n kọ X sí sáàárín tábìlì. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán, a ò ní bi í pé kí ló dé. Mi ò jókòó síbi tí wọn ò bá ti gba irú èyí.

Wákàtí mẹ́ta tó fún ìjókòó àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ mú ọjọ́ tí ẹ tún máa pàdé, nítorí àìrójú ló máa ń tú ẹgbẹ́ ká ju àìmọ òfin lọ.