Táyà Tókúnbọ̀ ní Houston

Ọjọ́ Ẹtì, aago méjì ọ̀sán. Ó yẹ kí n ti máa hanrun.

Aago méje àárọ̀ la jáde níbi iṣẹ́ alẹ́, ó sì kọjá aago méjìlá kí n tó délé. Ọ̀rọ̀ táyà ló fà á. Oorun ń kùn mí, àmọ́ tí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, iṣẹ́ alẹ́ òní á gbá a lọ.

Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń jẹun, ní ìwọ̀-oòrùn Houston. Ká yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà dégbò, ká pààrọ̀ ìlédìí, ká dá bàbá kan lóhùn tó bá ń pe ìyàwó rẹ̀ tó ti kú láàárín òru: iṣẹ́ wa nìyẹn. Èmi àti Màmá la jọ ń mójú tó apá ẹ̀yìn.

Màmá kì í ṣe ìyá mi o. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Àwọn kan nínú wa níbí á ní "àkátà". Mi ò gbà kí ọmọ mi sọ ọ́ nínú ilé mi. Gẹ̀ẹ́sì ò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n tí mo bá ń bá Màmá sọ̀rọ̀, "ẹ" ló wà nínú mi. N kò lè la ẹnu pe irú wọn lórúkọ, ni mo bá sọ wọ́n ní Màmá. Àwọn náà ń pè mí ní "baby", èmi ọkùnrin tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun.

Wọ́n ti pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Póíǹtì ni wọ́n ń kà síni lọ́rùn níbi iṣẹ́ wa. O pẹ́, ìdajì póíǹtì. O ò wá, odindi kan. Tó bá pé mẹ́jọ, ó di kí o máa lọ ilé. Bó bá jẹ́ àìsàn ló dè ọ́ mọ́lẹ̀, bákan náà ni, kò sì sí òfin ní Texas tó ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni sanwó ọjọ́ àìsàn fún ẹnikẹ́ni. Màmá ti wà ní mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n wọlé lálẹ́ àná, wọ́n ń tiro, ẹ̀yìn aṣọ iṣẹ́ wọn ti tutù fún òógùn.

"Ọkọ̀ yín dà, Màmá?"

"Táyà ti bẹ́, baby. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀."

Bọ́ọ̀sì 82 ni, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25, èyí tó ń gba Westheimer lọ gbọọrọ. Ọ̀nà yẹn gba ẹ̀gbẹ́ River Oaks kọjá, níbi tí àwọn olówó epo rọ̀bì kọ́ ilé sí, ó tún gba iwájú Galleria, níbi tí báàgì obìnrin kan ṣoṣo ti lè ju owó oṣù èmi àti Màmá lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì náà dáadáa nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tó ń nu ilẹ̀ ibẹ̀ ló máa ń kún inú rẹ̀, n kò rí àwọn tó ń rajà.

Dọ́là 15 ni Màmá ń gbà ní wákàtí kan. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń fi náírà ṣírò rẹ̀ báyìí. Ẹ ní sùúrù. Owó tó kéré jù tí òfin Texas gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ni dọ́là 7.25, kò sì tíì sún láti oṣù Keje ọdún 2009. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ, ọ̀gá rẹ̀ lè san dọ́là 2.13 péré, bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti 1991, kí oníbàárà fi ẹ̀bùn gbé e dé ibi tí òfin wí. Owó Màmá ju ìlọ́po méjì 7.25 yẹn lọ. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

A dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí láàárọ̀, iwájú ilé ìtajà ńlá kan, ní ìgun tó jìnnà jù sí ẹnu ọ̀nà. Táyà ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn ti fọ́ yánkayànka, ti àfikún kò sì sí. Mo gbé jáàkì mi jáde, sípánà mi ni kò bá nọ́ọ̀tì wọn mu. Mo ní kí wọ́n ṣí búùtù ká wo tiwọn. Wọ́n ní kí n tún gbìyànjú tèmi lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbìyànjú. Kò ṣe é. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá ṣí i.

Aṣọ iṣẹ́ méjì tí wọ́n ká létí-létí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìkòkò kékeré kan pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ike ọṣẹ, Bíbélì tí wọ́n fi rọ́bà so, fọ́tò nínú férémù tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí tówẹ̀lì kí gíláàsì má baà fọ́. Ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni sípánà wà. A kó ẹrù náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a tò ó sílẹ̀, àwọn tó wá ra búrẹ́dì àárọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Màmá ò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò bi wọ́n.

Inú ọkọ̀ mi ni wọ́n ti là á yé mi, wọn ò wojú mi. Ìgbà òtútù ni ọ̀gá gé wákàtí wọn sí 29 lọ́sẹ̀. Ẹni tó mọ òfin ibí mọ̀ pé 29 yẹn kì í ṣe èèṣì: tó bá ti di 30, ilé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ fi ínṣọ́ránsì ìlera lọ òṣìṣẹ́. Àkókò yẹn náà ni onílé fowó kún owó ilé. Gbèsè oṣù kan àbọ̀ ló kó wọn dé kóòtù. Ìwé tó ní kí wọ́n kó jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ wà lára ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ìwé ìpè, lẹ́yìn náà adájọ́. Wọ́n ní ẹjọ́ àwọn kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní báyìí wákàtí ti padà di 40. Dọ́là 600 lọ́sẹ̀ nìyẹn kí ìjọba tó yọ tirẹ̀, nǹkan bí 2,600 lóṣù. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti lọ wá ilé, ìbéèrè kan náà ni: ṣé owó tó ń wọlé fún yín tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé? Yàrá tó bá jẹ́ 1,000 ń fẹ́ 3,000. Ẹjọ́ tó lé wọn jáde wà lákọsílẹ̀, onílé tuntun ń rí i. Owó fọ́ọ̀mù tí wọ́n san kó tó di pé wọ́n gbọ́ "rárá", kì í padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti san án.

Orúnkún tí wọ́n fi ń tiro ńkọ́? Owó tí ọ̀gá máa yọ fún ínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn. Medicaid tí ìjọba ń fún tálákà, Texas kọ̀ láti fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ irú wọn tí kò ní ọmọ kékeré lọ́wọ́. Medicare ti àgbàlagbà, ó di ẹni ọdún 65. Orúnkún náà á ní sùúrù ọdún mẹ́fà, kó sì máa bá wọn gbé arúgbó tó ní Medicare sókè lálaalẹ́.

Ọkọ̀ yẹn pàápàá, ìwé rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti fi yá owó. Ilé ayánilówó bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́bàá títì níbí bíi ṣọ́ọ̀ṣì: gbé ìwé ọkọ̀ rẹ sílẹ̀, gba owó, kí o máa san èlé. Sẹ́ǹtì 25 lórí dọ́là kan lóṣù ló wọ́pọ̀, 300 nínú 100 lọ́dún. Sógúndogójì tí àwọn bàbá wa ń bú, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Mo ń wakọ̀ lọ, ìtàn ìwọ̀fà tí bàbá mi àgbà máa ń sọ ló ń wá sí mi lọ́kàn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sin owó nínú oko olówó. Ìwọ̀fà ní ibi tó ń sùn, ó kéré tán. Ọkọ̀ Màmá ló ń ṣe ìwọ̀fà fún wọn, inú ìwọ̀fà náà ni wọ́n sì ń sùn.

Ọ̀dọ̀ fọkanáísà ọmọ Mẹ́síkò kan la lọ, táyà tókúnbọ̀ tò sílẹ̀ dé òrùlé. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará ilé rò pé ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ń ta á. Màmá mú sẹ́ǹtì bàbà kan jáde nínú àpò wọn, wọ́n dojú rẹ̀ kodò, wọ́n tì í bọ ihò ojú táyà náà. Orí Abraham Lincoln ló wà lára sẹ́ǹtì yẹn. Tí gbogbo orí rẹ̀ bá hàn síta, táyà ti pá; tí ihò bá gbé díẹ̀ mì nínú orí rẹ̀, ó ṣì ń rìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí orúnkún tí kò dáa yẹn, wọ́n dán an wò níbi mẹ́rin. Èmi wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, 2214, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Mo ní ẹ gbé e sẹ́yìn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ 3819, ojú rẹ̀ sì le.

Dọ́là 60 ni fọkanáísà pè é. Màmá ti ń ṣí báàgì láti san án. Àṣà ibí ni, iye tí ọlọ́jà bá pè ni wọ́n ń san. Mo ní ẹ dúró ná. Ẹni tó bá ti ra nǹkan rí ní Ládípọ̀ kì í san owó àkọ́pè. Mo ná an, mo yíjú bí ẹni tó ń lọ, ó pè mí padà, a bá a parí ẹ̀ sí 45, pẹ̀lú iṣẹ́. Màmá ń wò mí bí ẹni tó rí onídán.

Àpò ìwé funfun kan ni wọ́n ti yọ owó náà, wọ́n kọ "ilé" sára rẹ̀ lédè wọn.

Àárín ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn.

"Ariwo kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

"Táyà la wá rà, ẹ̀gbọ́n mi. Tókúnbọ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. "Tókúnbọ̀ kẹ̀? Ṣebí ọ̀dọ̀ yín ló ti ń wá! Tí ẹ̀yin náà bá ń rà á, kí ló wá kù fún wa?"

Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pè. Mo ní kí wọ́n fún mi di ìparí oṣù. Ó wù mí kí n sọ fún wọn pé Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ yìí a máa bi àwọn ará ìlú lọ́dọọdún bóyá wọ́n lè fi owó ọwọ́ wọn gbọ́ ìnáwó òjijì dọ́là 400, pé lọ́dún 2023, 37 nínú 100 ni kò lè ṣe é. Pé gbogbo ohun ìní ìdajì ará Amẹ́ríkà tí kò rí já jẹ, tí a bá pa á pọ̀, kò tó 3 nínú 100 ọrọ̀ ilẹ̀ náà, tí ẹyọ ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè sì ń jẹ nǹkan bí 30. Ta ni yóò gbà á gbọ́ ní Ìbàdàn? Mo ní, "Ẹ kú àmójútó ilé, ẹ̀gbọ́n mi."

A padà lọ de táyà náà. Mo bá wọn to ẹrù padà, fọ́tò ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé, wọ́n tún dojú rẹ̀ bolẹ̀. Fọkanáísà ti ní dọ́là 5 lòun máa gbà kí òun tó bá wa kó táyà bíbẹ́ náà dànù, Màmá ní rárá, àwọn ń mú un lọ. Àyè ò sì sí nínú búùtù wọn mọ́.

Nínú tèmi ló wà. Ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló ń rùn bíi rọ́bà. Màmá ní kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí àwọn bá rí ilé, pé òdòdó làwọn máa gbìn sínú rẹ̀ níwájú ìta, bí ìyá àwọn ti máa ń ṣe. Ọ̀dà funfun làwọn máa kùn ún.