Gẹ̀gẹ̀ Àǹtí Mi àti Abẹ́rẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Òṣùwọ̀n fámásì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ouando ló kọ́kọ́ sọ fún mi: kílò 103. Mi ò ga ju mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 62 lọ. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ rọra wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ yín náà." Ẹ̀jẹ̀ ti ga. Orúnkún mi òsì ti ń dùn mí láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá fẹ́ gun àkàsọ̀ lọ mú aṣọ lókè nínú ìsọ̀ mi, mo ní láti sinmi kí n tó dé òkè. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ta àǹkárá ní Àjàṣẹ́ níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí orúnkún lé mi kúrò nídìí ọjà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Montreuil lẹ́bàá Paris ló mú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ wá. Dókítà rẹ̀ ló kọ Wegovy fún un, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń gún un sí ikùn. Nígbà tó wálé wá ṣe Iléyá, ìró tó máa ń fún un tẹ́lẹ̀ ti ń yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Kílò 17 ti kúrò lára rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn ilé bàbá wa láì mí hẹlẹ. Inú mi dùn fún un, mo sì fẹ́ irú rẹ̀ fún ara mi, mi ò ní fi pa mọ́.

Semaglutide ni oògùn tó wà nínú Wegovy. Òun náà ló wà nínú Ozempic, tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ń ṣe bí ohun kan tí ìfun wa fúnra rẹ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Oúnjẹ sì máa ń pẹ́ nínú ikùn kó tó lọ sísàlẹ̀. Nínú àyẹ̀wò ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021, ènìyàn 1,961 ló kópa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 68, àwọn tó gba oògùn ti fi nǹkan bí ìdá 14.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n gún ní omi tí kò ní oògùn nínú fi 2.4 péré sílẹ̀. Àtàwọn èyí àtàwọn èyí ló ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìmárale. Mo ṣírò rẹ̀ sára mi, ó lé díẹ̀ ní kílò 15. Orúnkún mi á mọ̀ ọ́n lára bí kílò 15 bá lọ. Torí pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́ ni àwọn tó ń tà á fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Má wulẹ̀ dààmú ara rẹ. Gbogbo ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè, dókítà wọn á kọ̀wé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé mi, èmi á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé." Alẹ́ mẹ́ta ni èmi àti ọmọ mi obìnrin fi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àǹtí mi. Àbúrò bàbá mi ni, Sábẹ ló gbé títí tó fi kú. Láti kékeré mi ni mo ti mọ ọrùn rẹ̀ ní wíwú. Gẹ̀gẹ̀ la ń pè é nílé, kò sì sẹ́ni tó kà á sí. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí há ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Irú jẹjẹrẹ wo? Ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè. A sin ín, a sọkún, a padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé dání wọ sáìtì àkọ́kọ́, láìmọ̀ pé mo gbé e dání.

Sáìtì tó lẹ́wà ni. Bẹ̀nẹ̀ ò sí nínú orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ síbẹ̀, a sì fi àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi sí i. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n béèrè ìwọ̀n mi, gíga mi, bóyá mo lóyún tàbí mo ń fẹ́ lóyún, bóyá òkúta ti wà nínú òrónro mi rí. Lẹ́yìn náà: ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ní jẹjẹrẹ táírọ́ọ̀dù rí, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn? Ọwọ́ mi dúró. Ọmọ mi wo ojú mi. Mo ní kó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni". Wọ́n kọ ọ́ síwájú wa pé oògùn yìí ò bá mi mu, pé wọ́n dúpẹ́.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi padà sẹ́yìn, ìbéèrè náà sì ṣí sílẹ̀ bíi pé a ò dáhùn rẹ̀ rí. Ó fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ló bá tẹ "Bẹ́ẹ̀ kọ́". Ìṣẹ́jú kan ò pé, sáìtì kí mi kú oríire, ó dárúkọ owó oṣù àkọ́kọ́, ó béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì. Ẹni kan náà, alẹ́ kan náà, àǹtí kan náà tó sùn sílẹ̀ ní Sábẹ. Mo ní kó pa kọ̀ǹpútà.

Ìdí tí ìbéèrè yẹn fi wà níbẹ̀ kò fara sin. Nígbà tí wọ́n dán semaglutide wò lára eku, kókó hù nínú táírọ́ọ̀dù wọn. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwé oògùn tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí gbé ìkìlọ̀ náà sókè pátápátá, ó sì fi ìlà yí i ká: ẹni tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá ti ní irú jẹjẹrẹ táírọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń pè ní medullary, kó má gba abẹ́rẹ́ yìí. Medullary ò wọ́pọ̀. Àwọn irú mìíràn ló pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ òun ló mú àǹtí mi, ó lè má jẹ́ òun. Sáìtì ò lè mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Dókítà tó jókòó níwájú mi á béèrè pé: níbo ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ yẹn? Ìwé rẹ̀ dà?

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bínú nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní mo ń bẹ̀rù jù. Mo rán an létí Mediator, torí òun ló wà ní Faransé nígbà tí ariwo rẹ̀ sọ. Láti 1976 ni wọ́n ti ń ta oògùn yẹn fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀pọ̀ àwọn tó kàn fẹ́ dín sísanra kù sì ń gbà á lò, títí di 2009 tí wọ́n gbé e kúrò lọ́jà, nítorí ó ń ba ilẹ̀kùn inú ọkàn jẹ́. Dókítà obìnrin kan ní ìlú Brest, Irène Frachon, ló rí i lára àwọn aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀, tó sì kọ̀ láti dákẹ́. Semaglutide kì í ṣe Mediator, mi ò ní fi wé e. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú dókítà kan ló rí i. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, wo òmíràn."

Sáìtì kejì ní àwọn ń fi oògùn ránṣẹ́ síbi gbogbo láyé, Bẹ̀nẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ìyẹn fúnra rẹ̀ kọ mí lóminú, torí dókítà tó bá níwèé àṣẹ, ilẹ̀ kan ló ti gbà á. Mo wá orúkọ dókítà kan ṣoṣo níbẹ̀, mi ò rí. "Àwọn onímọ̀ wa" ni wọ́n kọ. Ìgò kékeré ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ínsúlíìnì. Abẹ́rẹ́ tó dà bíi péènì ìkọ̀wé ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò, péènì náà sì máa ń wọn oògùn fúnra rẹ̀. Ti ìgò, ìwọ lo máa wọ̀n ọ́n. Mílígráàmù 0.25 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìlà 100 lórí abẹ́rẹ́ yẹn ni mílílítà kan. Bí mílígráàmù 2.5 bá wà nínú mílílítà kan, ìlà 10 lórí abẹ́rẹ́ ni 0.25. Bó bá jẹ́ 5 ló wà nínú mílílítà kan, ìlà 5 ni. Ẹni tó bá fà á dé ìlà 50 níbi tó yẹ kó dúró ní 10, ìlọ́po márùn-ún ló gún sára. Ní oṣù Keje 2024, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa irú àṣìṣe yìí gan-an: àwọn kan ti gún ìlọ́po 5 sí 20 ohun tó yẹ wọ́n, àwọn mìíràn nínú wọn sì bá ara wọn nílé ìwòsàn. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọn aṣọ ní yáàdì. Bí mo bá ṣì í gé, mo lè gé òmíràn fún oníbàárà.

Mo kọ̀wé sí wọn ní èdè Faransé. Mo béèrè pé bí èébì bá mú mi ní aago méjì òru ní Àjàṣẹ́, tí kò sì dá, ta ni kí n pè? Lọ́jọ́ kejì wọ́n fèsì. Wọ́n ní bí mo bá sanwó kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn á dín in kù fún mi.

Obìnrin kan ní Cotonou náà wà lórí WhatsApp tó ń ta péènì Ozempic láìbéèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, orí tábìlì ni wọ́n wà, oòrùn ń ràn wọlé lójú fèrèsé. Péènì tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fìrìjì, láàárín ìwọ̀n Celsius 2 sí 8. Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, kí n tó ra aṣọ, mo máa ń ká etí rẹ̀ wò. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà ní etí aṣọ, àwọ̀ ojúlówó sì hàn tẹ̀yìn tojú. Mo bèèrè fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára páálí, ó ní kí n gbẹ́kẹ̀ lé òun. Oṣù Kẹfà 2024 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde fún gbogbo ayé pé ayédèrú Ozempic ti wà nílẹ̀, wọ́n ti rí i ní Brazil, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àwa tí a ń lọ ra ọjà ní Dantokpa rántí Adjégounlè, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn láìgbàṣẹ níbẹ̀, àti bí ìjọba ṣe wọ ibẹ̀ ní 2017 tí wọ́n kó oògùn lọ. Ìyá tó ń ta oògùn lórí àtẹ níbẹ̀ nígbà náà, ó kéré tán, o mọ ibi tó jókòó sí.

Sáìtì kẹta ló yà mí lẹ́nu. Wọn ò sọ̀rọ̀ owó rárá kí dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀ lójú fídíò. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi bi mí ní ìbéèrè. Ó béèrè ohun tí mò ń jẹ lálẹ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò, bí àwọn ìyá mi ṣe kú. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ àǹtí mi, ó sọ kálámù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ò ní kọ nǹkan kan fún mi láìrí ìwé iṣẹ́ abẹ yẹn, àti pé ìwé àṣẹ òun ò tilẹ̀ dé Bẹ̀nẹ̀, kí n wá dókítà nílé. Ó tún sọ ohun tí àwọn méjì àkọ́kọ́ ò sọ: nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló padà wá. "Ṣé ẹ ti ṣírò ọdún tí ẹ máa fi san án, Màdáàmù?" Ẹ̀gbọ́n mi ń san nǹkan bí 300 yúrò lóṣù, ìyẹn sún mọ́ 197,000 fránkì. Mi ò tíì ṣírò rẹ̀. A ṣe é papọ̀ níbẹ̀. Kò gba fránkì kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, òun nìkan sì ni mo lè sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó lọ bá.

Ní báyìí mo ní dókítà kan níbí ní Àjàṣẹ́. Ó ti yẹ ṣúgà mi wò àti kíndìnrín mi, ó fọwọ́ kan ọrùn mi títí, ó ní kí n lọ ya fọ́tò rẹ̀. Ó yí oògùn ẹ̀jẹ̀ mi padà. Mo ti dín àkàsà alẹ́ kù, mo sì máa ń fẹsẹ̀ rìn láti Ouando délé lẹ́yìn ọjà, mi ò gun zẹ́mìjàn mọ́ àfi tí òjò bá ń rọ̀. Kílò 101 ni òṣùwọ̀n kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà ò tíì parí, dókítà ní bí ìwé Sábẹ bá fi hàn pé jẹjẹrẹ irú mìíràn ni, a lè jọ sọ ọ́.

Mo pe ọmọ àǹtí mi àgbà lálẹ́ Ọjọ́rú. Ó ní àpótí ìyá òun ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó ṣí i láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó sọkún díẹ̀ lórí fóònù, èmi náà sọkún. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Kí ni orúkọ jẹjẹrẹ yẹn?" Mo sọ ọ́ fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun náà ní ọrùn, àwọn ọmọ òun náà ní ọrùn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ṣí àpótí náà.