Ọjọ́ Kẹta: Títì Tí Kò Ní Kọ́nà

Inú àgọ́ ni mo ti ń kọ èyí, tọ́ọ̀ṣì wà lórí mi, ìka ọwọ́ mi sì ti le nítorí òtútù. Ẹni tó bá gbọ́ pé aṣálẹ̀ ni mo wà á rò pé oòrùn ló ń pa mí. Oṣù kẹjọ la wà yìí, ìgbà òtútù ni ní Ọsirélíà, tí oòrùn bá sì ti wọ̀, aṣálẹ̀ kì í bá èèyàn ṣeré.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo gun kẹ̀kẹ́ mi gbéra ní Balladonia, ibi ìsinmi kan létí títì. Nígbà tí mo rìn tó kìlómítà 35, mo kan pátákó tí gbogbo èèyàn ń dúró ya fọ́tò níbẹ̀: láti ibẹ̀ lọ, kìlómítà 146.6 ni Eyre Highway fi lọ tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, títí dé Caiguna. Èmi náà ya fọ́tò. Mo tún rẹ́rìn-ín.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kọ́nà máa ń ran oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Lọ́nà ibòmíràn, màá sọ fún ẹsẹ̀ mi pé, jẹ́ ká dé kọ́nà yẹn ná. Tá a bá dé ibẹ̀, a tún wá òmíràn. Níbí, kò sí ohun tí mo lè fi tan ẹsẹ̀ jẹ. Bí mo ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ lágogo mẹ́sàn-án, iwájú mi rí bákan náà lágogo mọ́kànlá. Mo rí tóótó dúdú kan tó ń léfòó lórí ohun tó ń dán bí omi. Tírélà ni, irú èyí tó so tírélà mìíràn mọ́ ìdí, tí gígùn rẹ̀ lè tó mítà 36. Mo sọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta wẹẹrẹ kí n fún un lọ́nà. Mo dúró, mo dúró. Mo jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ méjì kó tó dé, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fìlà lórí mi.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn máa ń ti oníkẹ̀kẹ́ lẹ́yìn lásìkò yìí. Ti òní kò gbọ́ ìròyìn náà. Àyà ni ó kọjú sí mi láti ọ̀sán.

Táyà ẹ̀yìn jò. Bí táyà tírélà bá bẹ́, àwókù rẹ̀ máa ń wà káàkiri etí títì, wáyà tín-ín-rín sì kún inú rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ra inú táyà mi, n kò rí nǹkan. Mo wá fi aṣọ nù ún yíká, aṣọ há. Wáyà náà kò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Fokanáísà tó wà ládùúgbò wa ní Mọ́kọ́lá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú baàfù omi ló máa ń ti túùbù bọ̀ kó lè rí ibi tó ti ń hó. Ta ló ní omi tó máa dà sí baàfù níbí? Ètè mi ni mo fi wá ihò náà. Ètè máa ń mọ afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ kò mọ̀.

Lítà omi mẹ́wàá ni mo gbé kúrò ní Balladonia, kìlógíráàmù mẹ́wàá nìyẹn. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ gbogbo agbègbè yìí, bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á gbé e mì, kò sí odò tó ń ṣàn. Mo sì gbé gàrí wá! Ẹni tó ń ṣọ́ omi, tó gbé ohun tó ń mu omi jù ú lọ. Gbígbẹ ni mo jẹ ẹ́, mo sì ń rántí ohùn màámi lórí WhatsApp: “Kí lo sọnù sí aṣálẹ̀ tí kò nígi?” Nullarbor, “kò sígi,” ni wọ́n ń pè é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n igi kúkúrú wà létí títì yìí dáadáa, mo ti fi ọ̀kan so okùn àgọ́.

Lọ́dún 1896, Arthur Richardson gun kẹ̀kẹ́ láti Coolgardie dé Adelaide, ọjọ́ 31, kò sí títì ọ̀dà, òpó wáyà tẹlígíráàfù ló ń tọ̀. N kò ní ráhùn mọ́ lónìí. Ó dáa, màá ráhùn díẹ̀: Eyre, òyìnbó arìnrìn-àjò tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì yìí, kò dá rìn ín parí. Òun àti Wylie, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà, ni wọ́n jọ dé Albany lọ́dún 1841. Ibo ni títì Wylie wà?

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, bàbá àti màmá kan tó fa ilé alágbèéká dúró, wọ́n fún mi ní omi lítà méjì àti ọsàn. Mo fẹ́ tẹ̀ ba díẹ̀ kí wọn, kẹ̀kẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Bàbá sáré dì mí mú: “Ṣé iṣan ẹsẹ̀ ló fà ẹ́?”

Kìlómítà 103 lónìí, ó ku 79 kí n dé Caiguna. Omi ku lítà márùn-ún. Ṣáájú kí n tó wọ àgọ́, mo rí iná méjì níwájú tó ń bọ̀. Mo wọlé, mo fọ ẹnu, mo kọ gbogbo èyí. N kò tíì gbọ́ ìró rẹ̀.