Ọkọ̀ àjẹ̀ fún ìgbafẹ́: ẹ wo ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àjẹ̀ tí yóò máa fi gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, omi tó fẹ́ gbé e sí ni kó kọ́kọ́ rò. Omi inú dáàmù tí wọ́n ń pè ní Omi, nítòsí Ejiba ní ìpínlẹ̀ Kogi, kì í ṣàn bí odò, àmọ́ ó fẹ̀, afẹ́fẹ́ sì lè ru ìgbì sókè lórí rẹ̀. Odò Ọya (Niger) ní Lọ́kọ́ja, níbi tó ti pàdé odò Benue, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Lẹ́ẹ̀rùn, iyanrìn á yọ láàárín odò. Tó bá di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi á kún dé bèbè. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kékeré kò níṣẹ́ lórí Ọya lóṣù méjèèjì yẹn.

Fún àgbà méjì, ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14, tí àárín rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 34 sí 36, ti tó. Èyí tó tẹ́ nídìí ni kẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ mú. Ìdí roboto ń sáré, àmọ́ ó ń mì lábẹ́ ẹni. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé tán pẹ̀lú ẹrù, ẹ fi rúlà wọn láti ojú omi dé etí ọkọ̀: tí kò bá tó íńṣì 6, ẹrù ti pọ̀ jù.

Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára odindi igi lágbára, àmọ́ ó wúwo débi pé etí omi ni yóò máa gbé. Ti fáíbà kì í sábà ju kílò 30 sí 40 lọ; èèyàn méjì á gbé e sórí mọ́tò. Owó ọkọ̀ pákó ló sábà máa ń rọ̀ jù, òun náà ló sì ń fẹ́ àyẹ̀wò jù. Ẹ béèrè igi tí wọ́n fi kàn án. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti ìrókò ń pẹ́ nínú omi. Arère àti àràbà fúyẹ́, wọn ò wọ́n, àmọ́ wọ́n tètè ń jẹrà.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ má ṣe jẹ́ kí kólítà tó ń dán tàn yín. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kẹ́ ẹ fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí bóyá ó ti lọ́. Tí wọ́n bá fi páànù lẹ̀ ẹ́ níbì kan, ẹ ní kí wọ́n tú ìṣó kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ igi abẹ́ rẹ̀. Igi tó yè á dá ọ̀bẹ padà. Èyí tó ti jẹrà á gba ọ̀bẹ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì dúdú, yóò máa rùn bí ewé tó kú sínú omi. Ẹ kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí igi méjì, kẹ́ ẹ da omi sínú rẹ̀ tó ìka mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá ń kán. Ọ̀pọ̀ ń ṣìṣe níbí. Ọkọ̀ tó ti jókòó nínú oòrùn látìgbà ọyẹ́ gbọ́dọ̀ jò, torí pákó ti gbẹ, ó ti súnkì, àlàfo sì ti ṣí. Ẹ fi omi náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí jíjò ojú ìpàdé pákó bá dín kù, igi ń wú nìyẹn, kò sí wàhálà. Òwú tí wọ́n rì sínú kólítà, tí wọ́n fi ìwọ́nlẹ̀ gbá wọ àlàfo, á parí ìyókù. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ìṣó tàbí abẹ́ páànù ló ń jò, tí kò sì dín, jíjẹrà ni.

Ní ti fáíbà, ẹ fi owó ẹyọ kàn án yíká. Ibi tí ohùn bá ti kú, ó ti là nínú. Bó bá kéré, ó ṣeé tún ṣe: ẹ fi sáńpépà họ ọ́, kí aṣọ fáíbà kọjá ojú egbò ní sẹ̀ntímítà 5 yíká, kẹ́ ẹ wá po résìnì pọ́lísítà, ìyẹn oje tó ń lẹ aṣọ náà mọ́ ọkọ̀, mọ́ hádénà tó ń mú un dì. Gíráàmù 1 hádénà fún gíráàmù 100 résìnì tó nínú oòrùn wa. Tó bá pọ̀ jù, ó máa dì nínú abọ́ kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Fáíbà tí omi kún lè rì pátápátá, nítorí náà, ẹ so kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo, tí ìdérí rẹ̀ le, mọ́ orí àti ìdí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé bíi kílò 25.

Ẹ yọ owó láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó, sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà ọkọ̀ rárá, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì so ó kí wọ́n tó wọlé. Mo fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí: ẹni tí owó rẹ̀ ò ká méjèèjì, kó dúró títí yóò fi ká a. NIWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, Lọ́kọ́ja gan-an ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ béèrè òfin wọn níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ dojú ọkọ̀ dé sábẹ́ ibòji lórí igi méjì tó ga kúrò nílẹ̀. Ikán kì í pẹ́ rí pákó tó bá kan ilẹ̀.