"Just" kì í ṣe "ṣẹ̀ṣẹ̀" nìkan

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá rí i báwọn ọmọ wa ṣe ń túmọ̀ ẹ̀, òun náà ni just. Ẹ wọ ilé lẹ́sìn èyíkéyìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, láti Tákìé títí dé Under G, ẹ ní kí ọmọ tó ń múra WAEC sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún yín, "ṣẹ̀ṣẹ̀" ló máa sọ, á sì dákẹ́ síbẹ̀. Òótọ́ kúkú ni, I have just eaten, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà tiẹ̀ máa ń yọ have yẹn kúrò, wọ́n á ní I just ate, àwọn ará Britain ló ń di have mú.

Àmọ́ tí ọmọ yẹn bá wá pàdé I just want to greet you ńkọ́? Á ní "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kí yín". Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílé wa? Mo kàn fẹ́ kí yín ni là ń sọ! Lójú tèmi, iṣẹ́ kàn yìí gan-an ló pọ̀ jù lọ́wọ́ just, ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò le, pé kò sí nǹkan míì lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ iye nǹkan, péré la máa lò, just two, méjì péré.

Ẹ wo sẹ́ńtẹ̀ǹsì yìí, She just sent me ₦500. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ báyìí báyìí ni, ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣàdédé fi ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kankan tọrọ ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ₦500 péré ló rí fi ránṣẹ́ tí inú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò sì dùn sí i. Tó bá jẹ́ lẹ́nu, ohùn la fi máa mọ̀. Tó bá jẹ́ kíkọ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó yéni á gbé just lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó, She sent me just ₦500, ìyẹn ò lè rúni lójú mọ́.

Ó tún kù o. Just sit down, ṣáà jókòó. We just caught the bus, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ fi wá sílẹ̀.

Èyí tó wá wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Just tó wà nínú Bíbélì òyìnbó, the just shall live by faith, olódodo nìyẹn, ọ̀rọ̀ Látìnì tó ń jẹ́ justus ni wọ́n ti mú un, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni pẹ̀lú just tí à ń sọ yìí. Ohun tó tọ́, tó ṣe rẹ́gí, ló ti wá di "gan-an", just as you said, bó o ṣe wí gan-an, kó tó wá di kàn àti péré nígbà tó yá. Yorùbá náà sì ṣe irú ẹ̀! Aago méjì déédéé là ń wí, ẹni tó bá hùwà tí ò tọ́, àìṣedéédéé la pe tiẹ̀. Tíṣà tó bá fi déédéé yìí bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ, just méjèèjì á yé e lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní máa rò pé ọ̀rọ̀ méjì tí ò bára tan ni.

Ti just now ṣòro díẹ̀. Lẹ́nu ará Britain, ó lè jẹ́ báyìí, ó sì lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, I saw him just now, mo rí i lẹ́ẹ̀kan. Ti àwọn ará South Africa yàtọ̀ pátápátá, tí wọ́n bá ní àwọn máa ṣe nǹkan just now, tó bá yá ni wọ́n ń wí, ó sì lè pẹ́ kó tó yá. Torí náà, tí oníbàárà yín tó wà lọ́hùn-ún bá ní òun máa pè yín just now, ẹ bi í pé aago mélòó.