Asofẹ́yẹjẹ, yoga àti ẹni tórí ẹ̀ dàrú

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Àwọn kan á ní yoga ò kàn wá, nǹkan àwọn ará Íńdíà ni, àwọn kan náà lẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìtọ́jú wèrè táwọn baba wa ń ṣe, asán ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Igi asofẹ́yẹjẹ táwọn oníṣègùn wa ń fi gbòǹgbò ẹ̀ tọ́jú wèrè, ìbátan ewéko sarpagandha ni, èyí táwọn ará Íńdíà náà ń lò fún irú àìsàn yẹn látayébáyé, ara sarpagandha yìí sì niléeṣẹ́ apoògùn Ciba ti yọ oògùn reserpine lọ́dún 1952. (Ẹ má lọ hú u sè fúnra yín o, ó máa ń já ìfúnpá wálẹ̀ gan-an.)

Àmọ́ gbòǹgbò nìkan kọ́. Nígbà tí àbúrò màmá mi ò sùn mọ́, tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀ fún un lágbo, ó sì bọ orí ẹ̀. Ó fi obì kàn án níwájú orí, ó fi kàn án láyà, ó ń dárúkọ àwọn òkú ìdílé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa tá a yí anti mi ká ń ṣe àṣẹ, àṣẹ, títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa ṣe é.

Yoga ní tiẹ̀, inú èèyàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Patanjali, ọ̀mọ̀ràn ayé àtijọ́ ní Íńdíà tó kọ̀wé lórí yoga, ní kí ìrúkèrúdò ọkàn rọlẹ̀, ibẹ̀ ni yoga wà. Táyà mi bá ń já, màá fi àtàǹpàkò dí ihò imú ọ̀tún, màá rọra fa èémí sínú ní tòsì, màá dí tòsì kí n tó mí jáde lọ́tùn-ún. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tórí ẹ̀ ti dàrú pátápátá ò lè dá a ṣe, ẹbí gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀.

Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, mọ èyí. Ní Arò l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, inú abúlé tó yí ọsibítù ká làwọn aláìsàn ń gbé, ẹbí kan tẹ̀ lé wọn wá, Lambo sì ń báwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni Dókítà Vidya Sagar ń pàgọ́ fún ẹbí aláìsàn ní Amritsar, ní Íńdíà lọ́hùn-ún!

Fífi ẹ̀wọ̀n de aláìsàn lèmi ò ní gbèjà láéláé, tiwa tàbí tiwọn. Lọ́dún 2001, ní Erwadi ní Íńdíà, iná jó àwọn aláìsàn tí wọ́n so mọ́lẹ̀, wọn ò rí ibi sá sí. Oníṣègùn tó bá ní òun máa de èèyàn yín mọ́lẹ̀, ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà.