Ẹ má ta oko ẹ̀gẹ́ yín tán: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ọ̀dá tó kọjá

Ọ̀sẹ̀ yìí la tó jẹ àgbàdo tuntun nílé wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ráyè jókòó kọ èyí. Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, gàrí àti láfún láti oko wa ló gbé wa ró. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ẹ mọ ọ̀dá tí mo ń sọ.

Òjò kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa. Àgbàdo wa ga jù mí lọ, ewé rẹ̀ dúdú mininjọ. Ìgbà tó yọrí, tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ni òjò dá. Kò sí ìgbà tí ọ̀dá máa ń pa àgbàdo lára tó ìgbà yẹn. Ìyẹ̀fun òdòdó tó wà ní orí àgbàdo gbọ́dọ̀ bọ́ sára irun kó tó lè mú ọmọ, bí irun bá sì ti gbẹ, ó parí nìyẹn. Ajílẹ̀ ò lè tún un ṣe. Òjò tó bá padà dé, ewé nìkan ló máa rin.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi wọ oko lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo bó ọ̀kan, ṣùkù funfun ni mo rí, ọmọ tó wà lára rẹ̀ ò pé mẹ́wàá, wọ́n tò ségesège sí ìdí. Mo bó òmíràn, bákan náà. A ń bó o láti poro dé poro títí irun gbígbẹ fi kún ọwọ́ wa. Ọkọ mi jókòó sórí ebè, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Gbèsè ajílẹ̀ àti irúgbìn wà lọ́rùn wa, àgbàdo yẹn la sì fẹ́ fi san án.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni oníṣòwò kan gbé ọkọ̀ dé. Ó fẹ́ ra gbogbo oko ẹ̀gẹ́ wa bó ṣe wà nílẹ̀, kó sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká gbà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá tà á tán, kí làwọn ọmọ yìí ó máa jẹ lóṣù kẹta?” Wọ́n ní kí n panu mọ́, pé mi ò mọ ohun tí gbèsè ń fojú ọkùnrin rí. Lójú àwọn ọmọ mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Mi ò fèsì. Mo wọlé, mo gbé kóńgò tí mo fi ń wọn gàrí jáde, mo gbé e síwájú wọn. Èèyàn méje la jẹ. Bí kò bá sí àgbàdo, kóńgò mẹ́fà là ń jẹ lọ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóṣooṣù láti oṣù kẹjọ. Ìgbà tí mo fi dé oṣù kẹfà, ó ti lé ní kóńgò 250. Ọkọ mi gbórí sókè, wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ó tó. A ò ní tà á tán.”

Apá tó jìnnà sílé la tà, a fi san díẹ̀ nínú gbèsè, a bẹ̀bẹ̀ fún ìyókù. Òjò àrọ̀kúrò dé, a gbin ẹ̀wà, Ọlọ́run bá wa ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí: ẹ kọ́kọ́ yọ ti inú ilé kúrò nínú ẹ̀gẹ́ yín kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí iye owó. Mi ò ní kẹ́ ẹ má tajà o. Èmi náà ń tà, owó ọjà ni mo fi ń sanwó ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàdo. Bí ọ̀dá bá dé, á wọ́wé, á dúró. Bí òjò bá padà, á tún rúwé. Ó lè wà nílẹ̀ fún oṣù 18, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń le bó bá pẹ́ jù. Ẹ hú u tán, kò ní ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí á fi bàjẹ́. Inú ilẹ̀ ni àká rẹ̀.

Ẹ fi òǹkà ṣe é. Ẹ̀gẹ́ tútù kílò 100, gàrí kílò 20 sí 25 ló máa ń fún wa. Ẹ ka ẹnu tó wà nílé, ẹ ka oṣù títí dé ìgbà àgbàdo tuntun, kí ẹ wá sàmì sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà. Tọkọtaya ni kó jọ kà á. Ká ní a ti jọ kà á kí oníṣòwò yẹn tó dé ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ì bá má pariwo mọ́ mi.

Àwọn kan ti ní kí n sọ ti NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Òótọ́ ni, ọdọọdún ni wọ́n máa ń kéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá, ó sì yẹ kí ẹ máa tẹ́tí sí i. IITA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nípa ohun ọ̀gbìn n'Ìbàdàn, náà ti ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo tó ń fara da ọ̀dá, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ àdúgbò yín. Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ ta ẹ̀gẹ́ yín tán.

Nǹkan kan tún wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú di í. Ọ̀dá máa ń jẹ́ kí oró inú ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i. Bí ebi bá ń pa yín, ẹ má gé ọjọ́ tó yẹ kí láfún lò nínú omi kúrú, ẹ má sì yan gàrí tí kò tíì kan. Ẹ fi ẹ̀wà tì í fáwọn ọmọ, nítorí ẹ̀gẹ́ nìkan ò tó wọn.

Bí ẹ bá sì ń hú tiyín báyìí, ẹ má sun àwọn igi rẹ̀. Ẹ dì wọ́n, ẹ nà wọ́n ró sábẹ́ ibòji, kí ìdí wọn wọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó rí wọn gbìn nígbà tí ilẹ̀ bá rin dáadáa, ẹ ó sì rí fún ará ilé yín tí kò ní.